Lẹ́tà Tí Yóò Bá Òjò Òwúrọ̀ Lọ

Ọmọ mi, Olóhùn Aago,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìnáwó ìlú ńlá. Mo kí ọ kú ọ̀fọ̀ pẹ̀lú, nítorí bí mo ṣe pàdánù ọkọ ni ìwọ náà pàdánù bàbá, kò sì yẹ kí n máa gba gbogbo ìkíni náà fún ara mi nìkan. Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń sùn? Ṣé wọ́n ti tún irin ara àtẹ̀gùn ilé yín ṣe, èyí tó ń mì nígbà tí ènìyàn bá dì í mú? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣubú nílé, kò ní jẹ́ kí o ṣubú lọ́nà, kò sì ní jẹ́ kí o ṣubú lójú àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Àmín.

Ara tèmi le. Orúnkún mi ń ké díẹ̀ bí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n kò ké tó àpótí bàbá rẹ, ọ̀rọ̀ àpótí náà gan-an ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ. Mo mọ̀ pé o ti ń pe tẹlifóònù ilé láti ọjọ́ Ajé tí ẹnikẹ́ni kò gbé e. Má fòyà. Kò sí ohun tó ṣe mí. Tẹlifóònù náà ni kò sí nílé mọ́. Fara balẹ̀, màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bí mo bá sì ṣáko lọ sórí nǹkan mìíràn, fi orí jì mí, bàbá rẹ ló máa ń fa ọ̀rọ̀ mi padà sójú ọ̀nà.

O rántí agolo funfun tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn. Àárọ̀ àárọ̀ ni bàbá rẹ ń da òjò inú rẹ̀ sínú ife gíláàsì tó ní ìlà lára, tí ó ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, tí ó sì ń fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì òjò ti ìjọba ní ìlú tí o wà yẹn lóṣooṣù. Ó wù ú kí o gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun. O sì rántí ohun tí o sọ. O ní irú iṣẹ́ wo ni kí àgbàlagbà máa ka omi tó fúnra rẹ̀ já bọ́. Ó kàn jáde lọ wo agolo, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ọdún mẹ́ta gbáko, ẹ kò bá ara yín sọ̀rọ̀ ju bá mi kí i, bá mi kí i padà lọ. Ìwọ á ní kí n bá ọ kí bàbá, bàbá á ní kí n kí ọmọ mi padà. Èmi ni mo di wáyà láàárín yín, n kò sì gba owó oṣù kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí o lọ ni ọ́fíìsì òjò gbé kọ̀ǹpútà wá fún un, pẹ̀lú tẹlifóònù, àti àpótí pẹlẹbẹ kan tí iná pupa mẹ́rin wà níwájú rẹ̀, módẹ̀mù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní kó máa fi iye òjò ránṣẹ́ lójoojúmọ́ láti orí wáyà tẹlifóònù, ìwé ti pẹ́ jù. Bàbá rẹ ṣàlàyé fún mi pé bí òun bá ti tẹ bọ́tìnnì, tí àpótí náà bá pariwo tán, òun ti wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì nìyẹn, òun á máa wo ìwé tó wà nínú rẹ̀, òun á sì kọ tòun mọ́ ọn, kí òun tó jáde. Mo bi í léèrè pé láti orí àga ilé ìdáná yìí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Mo ní kí ó dìde, kí ó lọ wọ aṣọ, pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè wọ ọ́fíìsì ìjọba pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má lọ máa sọ pé kò ní ìyàwó nílé. Ó jiyàn títí, ó ní wọn kò rí òun, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ya irun rẹ̀. Bàtà nìkan ni kò gbà. Ó ní ọ́fíìsì kò lè rí abẹ́ tábìlì.

Ariwo àpótí náà, o kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Á kọ́kọ́ kùn bí ẹni tó ń sùn, á wá máa ta pó pó pó bíi ẹni tó ń ka nọ́ńbà, lẹ́yìn náà á han bí ẹyẹ tí wọ́n fún lọ́rùn, á wá bú sẹ́kún bí ọmọ tuntun, ìparí rẹ̀ á wá dà bí ìgbà tí wọ́n ń da yanrìn sórí páànù. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó ké, mo sá wọ yàrá. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní ohùn rẹ nìyẹn, pé bí o ṣe ké lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ nìyẹn gẹ́lẹ́ tí òun fi sọ ọ́ ní Olóhùn Aago. Láti ìgbà náà, bó bá ti fẹ́ tẹ bọ́tìnnì á pariwo pè mí ní ilé ìdáná pé ọmọ wa fẹ́ ké o.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó lọ, mo rí i pé bí ó bá rán òjò tán kì í dìde mọ́. Ó ń tẹ nǹkan, ìka méjì péré, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Bí mo bá gbé tíì wọlé á fi fìlà bo ojú kọ̀ǹpútà. Mo bi í léèrè pé ta ló ń kọ̀wé sí, ó ní ọmọ rẹ. O mọ̀ pé bí inú bàbá rẹ kò bá dùn sí ọ, ọmọ mi ni o, bí inú rẹ̀ bá dùn ni o ń di ọmọ tirẹ̀. Ọmọ rẹ, ọmọ rẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn, ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nu ún, ó ní, lẹ́tà ọmọ mi ti parí, yóò bá òjò òwúrọ̀ lọ.

Òjò rọ̀ lóòótọ́ ní òwúrọ̀ náà. Òun ni kò jí wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí o wá fún ìsìnkú, o dì mọ́ mi lẹ́yìn ilé, o sì bi mí bóyá ó sọ nǹkan kan nípa rẹ. Mo ní kò sọ nǹkan kan. Ọmọ mi, dákun, irọ́ kọ́ ni mo pa, iyè mi kò sí lára mi ni, àwọn ènìyàn ń wọlé, àwọn ènìyàn ń jáde, mo ń wá ibi tí wọ́n á jókòó sí. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí o padà kí n tó gbá eruku orí tábìlì rẹ̀, kí fìlà yẹn tó já bọ́ sí mi lọ́wọ́, kí gbogbo rẹ̀ tó padà sí mi. Mo tan kọ̀ǹpútà náà bó ṣe máa ń tàn án, mo sì rí i níbi tí lẹ́tà tó fẹ́ jáde ń dúró sí. Ẹyọ kan. Orúkọ rẹ ló wà lórí rẹ̀.

O rántí pé mo pè ọ́ lórí tẹlifóònù lọ́jọ́ náà, o sì ní kí n ṣí i kí n máa kà á sí ọ létí. Mo kọ̀, inú bí ọ, o ní kí ló dé. Èmi kò ṣí lẹ́tà tí orúkọ mi kò sí lórí rẹ̀ rí, ọmọ mi, àti pé bí mo bá ti ya ojú rẹ̀, irú ojú wo ni n óò fi wò ó kó tó dé ọwọ́ rẹ? Ìwọ wá kọ ìlànà méje sórí ìwé, o fi ránṣẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìkẹfà sọ pé kí n jẹ́ kó pariwo tán, kí n má sì fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Ní ọjọ́ tí ìwé rẹ dé náà ni ìwé ọ́fíìsì òjò dé. Wọ́n kí wa kú ọ̀fọ̀, wọ́n sì ní ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, òṣìṣẹ́ wọn ń bọ̀ wá kó kọ̀ǹpútà, àpótí àti tẹlifóònù padà. Ọjọ́ méjìlá péré ló kù. Bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà náà lọ, lẹ́tà bàbá rẹ lọ nìyẹn.

Mo múra sí i. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ìpàdé àwọn òbí nígbà tí o wà ní ilé ìwé, mo wọ bàtà pẹ̀lú, nítorí n kò mọ̀ bóyá ti obìnrin yàtọ̀. Mo dúró kí òjò dá, nítorí lórí wáyà òpó ìta gbangba ni lẹ́tà náà máa gbà lọ, kò sì sí ohun tó bò ó. Mo wá mú igi ìgbálẹ̀, mo lé gbogbo ẹyẹ tó bà lórí wáyà náà, kí wọ́n má bàa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo jókòó, mo gbàdúrà, mo tẹ bọ́tìnnì.

Ó ké. Ọmọ mi, ó ké bí ìwọ gan-an, nínú yàrá tí bàbá rẹ kò sí mọ́. Ṣé ó ṣeé wò níran? Mo gbé tẹlifóònù, mo gbé e sétí, ibẹ̀ gan-an ni ẹkún náà wà. Mo ní pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, mo wà níbí, má ké mọ́. Ó sì dákẹ́! Wẹ́rẹ́ báyìí. Inú mi dùn, mo ní ọwọ́ mi kò tíì jáde nínú ọmọ títọ́. Àfi bí mo ṣe wo ojú kọ̀ǹpútà tí mo rí i pé ọ̀nà ti já, lẹ́tà kò lọ.

Lójoojúmọ́ ni. Mo lé ẹyẹ, mo tẹ bọ́tìnnì, ó ké, mo rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó dákẹ́, ọ̀nà já. O pè, o bi mí bóyá mo fi ọwọ́ kan nǹkan kan, mo ní rárá. Òótọ́ ni mo sọ. N kò fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, n kò fi ọwọ́ kan àpótí. Tẹlifóònù wà lórí àpótí ìjókòó tirẹ̀ lọ́tọ̀, n kò mọ̀ pé ó wà lára ọ̀rọ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé bóyá bàbá rẹ ni kò fẹ́ kó lọ mọ́. Bóyá ó ti yí ọkàn padà. Mo kàn ń ṣe ara mi ní jẹ́jẹ́, n kò sọ fún ọ.

Ọjọ́ kẹrin ni Télọ̀, aládùúgbò wa tí ògiri kan ṣoṣo pín wa níyà, já wọlé. Ó ní láti ọjọ́ mẹ́ta ni òun ti ń gbọ́ mi tí mò ń ké ẹkún kíkorò ní aago méje àárọ̀, pé òun ti ń fi ọ̀wọ̀ ṣe é, òun fẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn, ṣùgbọ́n pé ti àárọ̀ yìí ti kúrò ní ti ọ̀fọ̀, ó ti fẹ́ di ti ilé ìwòsàn. Ó sáré débi pé ó fa aṣọ ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́, apá aṣọ náà kan ya sí i lọ́wọ́, apá kejì ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Mo ní èmi kọ́, àpótí ni. Kò gbà. Mo tẹ bọ́tìnnì fún un. Nígbà tó ké, Télọ̀ jókòó sílẹ̀ gbì, ó na ọwọ́ sí àpótí náà, ó ní kó mẹ́kún mọ́ra, pé gbogbo wa la pàdánù rẹ̀. Ó ní bí ẹ̀rọ ìránṣọ tòun bá ń ké, òróró ló ń fẹ́, ó sì ti ń dìde kó lọ mú un wá kí n tó dì í láṣọ mú.

Báyìí la bá a dé ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù. Òjò ti rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà, mo ti wọ̀n ọ́n. Má rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti lọ ni mo ti ń wọ̀n ọ́n, tí mo ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kí wọ́n má bàa rò pé òjò dúró ládùúgbò wa. Òṣìṣẹ́ náà dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun ní ilé méjì mìíràn láti dé. Mo fún un ní tíì. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní lẹ́tà kan wà nínú nǹkan yín, òkú ló kọ ọ́, ọmọ rẹ̀ tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ó kọ ọ́ sí, kó jọ̀ọ́ kó fún mi ní ìgbà kan ṣoṣo sí i. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní kí n máa ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é, òun á máa wò.

Mo mú igi ìgbálẹ̀, mo lọ lé ẹyẹ. Ó bi mí pé kí ni àwọn ẹyẹ ṣe. Mo sọ fún un. Mo jókòó, mo tún gèlè mi ṣe, mo tẹ bọ́tìnnì. Àpótí kùn, ó ka nọ́ńbà, ó han, bó ṣe bú sẹ́kún ni mo na ọwọ́ sí tẹlifóònù. Ọkùnrin náà fò dìde bíi pé iná ni mo fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀. Ó ní ìyá, kí lẹ fẹ́ ṣe! Mo ní mo fẹ́ dá a lóhùn ni. Ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ti ń dá a lóhùn bọ̀? Mo ní lójoojúmọ́, irú abiyamọ wo ló máa jókòó ti ẹkún? Ó jókòó, ó fi fìlà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ikú bàbá rẹ ló ń dùn ún, mo ní pẹ̀lẹ́, ó ti tó. Ẹ̀rín ni. Ó rín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní kì í ṣe ẹkún. Ó ní ìkíni ni. Ó ní àpótí tiwa yìí àti àpótí tó wà ní ọ́fíìsì ń kí ara wọn ni, tí èyí ń béèrè pé ṣé o ń gbọ́ mi, tí ìyẹn ń dáhùn pé mo ń gbọ́, ṣé kí n yára díẹ̀, rárá, rọra, báwo ni wáyà yín, wáyà wa dára díẹ̀. Ó ní títí wọ́n á fi kí ara wọn tán, wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí mo bá sì gbé tẹlifóònù, ẹnu mi ti bọ́ sáàárín wọn, oníkálukú á sì padà sílé rẹ̀. Ọmọ mi, mo ya ẹnu. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ìkíni ni? Èmi tí n kì í ra iyọ̀ kí n tó bi oníyọ̀ bí ọmọ rẹ̀ ṣe jí! Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti mọ bí a ṣe ń dúró de ìkíni.

Ó ní kí n jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Mo jókòó lé wọn. Ó ní ṣé kò sí òjò kankan tí mo fẹ́ rán, mo tọ́ka sí ìwé bàbá rẹ. Ó ṣí i, ó rí ibi tí ìkọ̀wé ti yí padà, ó wò mí, ó bá mi tẹ ti òwúrọ̀ náà sí i, mílímítà mẹ́rin. Ó wá tẹ bọ́tìnnì. Ó ké. Ọmọ mi, ó ké títí, mo pa ẹnu mọ́, mo jẹ́ kó ké. Yanrìn dà sórí páànù. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́, irú ìdákẹ́ tí bàbá rẹ máa ń mi orí sí pé òun ti wọlé. Ìlà kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí rìn lójú kọ̀ǹpútà, ó ń fà, ó ń fà, ó dúró, mo dá mímí dúró, ó tún rìn. Ibi tí wọ́n ti kọ ẹyọ kan di òfo. Ọkùnrin náà ní ó ti dé ìlú. Mo yọjú lójú fèrèsé. Wáyà náà kò mì rárá.

Ó bá òjò òwúrọ̀ lọ, bó ṣe sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó gbogbo rẹ̀ lọ, tẹlifóònù pẹ̀lú. Agolo àti ife gíláàsì nìkan ló fi sílẹ̀, ó ní kò sí lórí ìwé ohun tí wọ́n rán òun. Ilé wá pa rọ́rọ́ ní aago méje, débi pé Télọ̀ tún wá béèrè bóyá mo ti kú.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé yìí, kí o lè lọ wo ímeèlì rẹ bí o kò bá tíì wò ó. Má kà á níbi iṣẹ́. Jókòó sílé kí o tó kà á, kí o sì jẹun tán. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra aṣọ tí Télọ̀ yóò fi ṣe apá mìíràn fún ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé, nítorí obìnrin náà ti ń wò mí ní ìwòkuwò, kí o sì fi owó ìwé olílà kan kún un, èyí tí mo ń kọ òjò sí ti fẹ́ kún. Bí ọwọ́ rẹ kò bá dẹ̀, ìwọ ni kí o wá, apá aṣọ lè dúró.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Ọ̀nà rẹ kò ní já. Níbi tí o bá pè, wọ́n á dá ọ lóhùn, níbi tí wọ́n bá ti ń kí ara wọn, wọ́n á rántí orúkọ rẹ sí rere. Bí mo ṣe jókòó lé ọwọ́ mi nítorí rẹ, ayé kò ní jókòó lé tìrẹ. Àmín, àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.

Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa, mo tún ṣí i. Tèmi ni, mo lè ṣí i. N kò fẹ́ mọ ohun tí bàbá rẹ bá ọ sọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń kọ ọ́ pé ìyá rẹ kí ọ, wò ó dáadáa. Bí ó bá dárúkọ mi níbẹ̀, kọ ìyẹn nìkan sí mi. Bí kò bá sì dárúkọ mi, má parọ́ fún mi, mo mọ ọkọ mi, ó lè gbàgbé. Kàn kọ ọ́ sí mi pé lẹ́tà dé. Màá fi ìyẹn ṣe ìkíni.